Kí o tó gbé ìjánu: bí èmi àti Àdùkẹ́ ṣe ń jọ ṣiṣẹ́ ní ìgboro New York

Àbúrò mi, o bi mí lórí fóònù pé báwo ni èèyàn ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin láàárín ìlú tí mọ́tò kún fọ́fọ́. Mo ní kí o fún mi láàyè, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè dúró sọ tán lórí fóònù. Òun ni mo jókòó kọ yìí. Mo gbé e síta kí ẹlòmíràn tó bá ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn lè rí i kà.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí ní Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tó wà láàárín New York. Láti ọdún kẹta ni èmi àti Àdùkẹ́ ti jọ ń ṣe é. Pearl ni orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, àwa awakẹ̀kẹ́ mẹ́ta la jọ ń du ẹni tí yóò mú un, ni mo bá sọ ọ́ ní Àdùkẹ́ lójú ẹsẹ̀. Abo ẹṣin ni, aláwọ̀ eérú, ẹ̀yà Percheron. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 800 kílò. Tí o bá gbé ẹṣin tí Bàbá wa ń tọ́jú ní Ìlọrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni wàá pè é. Oko àwọn Amish ní Pennsylvania ló ti wá, àwọn ẹlẹ́sìn tí kì í wa mọ́tò, tó jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n fi ń túlẹ̀, ẹṣin náà ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin Central Park ló gba ọ̀dọ̀ wọn wá, torí pé ọkọ̀ ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójú títì oko kí wọ́n tó dé ìgboro.

Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ mú kúrò lọ́kàn ná. Nílé, gígùn là ń gun ẹṣin. Bí o bá wà lórí rẹ̀, itan rẹ ń bá a sọ̀rọ̀, ìdí rẹ ń bá a sọ̀rọ̀, ó ti mọ̀ pé ẹ̀rù bà ọ́ kí ìwọ gan-an tó mọ̀. Níbí, kẹ̀kẹ́ ló ń fà, ẹ̀yìn rẹ̀ lo jókòó sí, ìbòjú awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rí ọ. Ohùn rẹ àti okùn ìjánu ló so yín pọ̀, kò sí ìkẹta. Nítorí náà, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lójú títì láago mẹ́ta ọ̀sán, nílé ẹṣin lo ti máa ṣe é láago méje àárọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ kò kọjá ìyẹn.

Àárọ̀ nílé ẹṣin

Ilé ẹṣin wa wà ní West 52nd Street, lápá odò Hudson. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òkè ni àwọn ẹṣin ń gbé, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ kan ni wọ́n ń tọ̀ gòkè tí wọ́n tún ń tọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹṣin tó ń gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo dúró, mo ń wò.

Wákàtí kan àtààbọ̀ kí a tó jáde ni mo máa ń dé. N kò tíì yọjú sí i tí mo ti ń pè é láti ìsàlẹ̀: "Àdùkẹ́ o! Ṣé o jí dáadáa?" Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ láti ibẹ̀. Ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán, àfi ibi méjì: iwájú imú rẹ̀ gan-an àti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá yọ sí i láti ibi méjèèjì yìí láìfọhùn, ẹranko apẹran ni lójú ẹṣin. Sísá làwọn baba ńlá rẹ̀ fi ń gba ara wọn là, ìwà yẹn kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kó tóbi tó. Gba ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì lọ bá a. Kí ohùn rẹ ṣáájú, kí ọwọ́ rẹ tẹ̀lé e.

Wo etí rẹ̀. Bí méjèèjì bá kọjú sí ọ, ó ń retí rẹ nìyẹn. Bí ọ̀kan bá wà lọ́dọ̀ rẹ tí ìkejì ń yí kiri, ohun mìíràn wà tó ń gbọ́, dúró kó gbọ́ ọ tán. Bí ó bá lẹ méjèèjì mọ́ orí, sún sẹ́yìn, kí o wádìí ohun tó ń dùn ún. Má ṣe sọ pé ó ń ṣe orí kunkun. Ní gbogbo ọdún tí mo ti lò, ẹṣin tí wọ́n bá pè ní olórí kunkun lọ́dọ̀ wa, eyín ló ń dùn ún, tàbí ẹ̀yìn, tàbí pátákò, tàbí ó ti rí ìyà he lọ́wọ́ ẹnì kan.

Kí o tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, wo ilẹ̀. Ìgbẹ́ mélòó ló wà níbẹ̀, ṣé ó rọ̀ níwọ̀n? Ṣé ó jẹ koríko alẹ́ tán? Ṣé omi dín? Lẹ́yìn náà, fún awọ ọrùn rẹ̀ kí o sì jù ú sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà kíá. Gbé ètè rẹ̀ sókè, fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì rẹ̀ kó funfun. Kí o tó ka ení, èjì, kí àwọ̀ rẹ̀ ti padà. Èyí tí mi ò fi ṣeré ni etí tí mo ń gbé lé ìkùn rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó yẹ kí o gbọ́ kíkùn, bí àrá tó ń sán lókèèrè, tó ń dákẹ́, tó tún ń kùn. Bí ibẹ̀ bá pa lọ́lọ́, má mú un jáde, pe dókítà ẹran. Ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá há sí i nínú, inú náà ni yóò máa gbé, inú rírun sì lè pa ẹṣin láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló kàn. Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ rìn láti orúnkún rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o máa fi ti ọ̀kan wé ti ìkejì. Ibi tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ìjọ̀gbọ̀n wà. Gbé pátákò kọ̀ọ̀kan, fi irin họ ọ́ láti gìgísẹ̀ wá síwájú, kí o yẹra fún ẹran rírọ̀ onígun mẹ́ta tó wà láàárín. Òkúta títì tó mọ bí èékánná ọmọdé lè mú kó máa tiro lọ́la. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ni alágbẹ̀dẹ ń pààrọ̀ bàtà irin rẹ̀, ó sì ń fi irin líle olójú ṣágiṣàgi sí i lábẹ́ kó má baà máa yọ̀ lórí ọ̀dà. Jókòó ti alágbẹ̀dẹ náà nígbà tó bá wá. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa bí ẹṣin ṣe ń rìn ju ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ìwé àṣẹ lọ.

Nígbà náà ni kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ara rẹ̀. Ibì kan wà níwájú ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí irun ọrùn ti parí. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin fúnra wọn ti ń fi eyín họ ara wọn bí wọ́n bá wà ní pápá. Bí mo bá ti ń fi ìka họ ọ́ níbẹ̀, ètè òkè Àdùkẹ́ á gùn síwájú, á máa gbọ̀n wìrìwìrì, ojú rẹ̀ á dì díẹ̀, á wá rọra gbé ìwúwo ara rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe èyí, mo sì ń kì í: Àdùkẹ́ mi, aláwọ̀ eérú, a-fẹsẹ̀-tẹ-ọ̀dà-bí-ẹni-tẹ-yanrìn. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ẹni tí kò kánjú. Ohùn yẹn ni yóò wá gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ panápaná bá ń bọ̀.

Bó bá kan pé kí o dì í ní gàárì, ọ̀já mẹ́ta ni kí o mú ní pàtàkì. Ọ̀já àyà ló fi ń fa kẹ̀kẹ́. Ọ̀já ìkùn ló di gbogbo rẹ̀ mú. Ọ̀já ìdí ni ìdádúró. Bí ẹ bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ fẹ́ gùn ún lẹ́yìn, ọ̀já yẹn ló fi ń ti kẹ̀kẹ́ padà. Ti ìka rẹ bọ abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o rìn ín yíká. Bí irun bá ká lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí awọ rún, yóò di egbò.

Mo fi ojú ara mi rí i. Ẹṣin tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, oníwà pẹ̀lẹ́ gbáà. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, mo dì í ní ọ̀já àyà tí òógùn àná ti gbẹ mọ́. Mo rí i. Mo ní tí mo bá dé màá fọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, iyọ̀ òógùn yẹn ti họ awọ rẹ̀, egbò tó tó owó ẹyọ ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò rí ẹlòmíràn dì í rù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni ẹṣin náà ní kí n fi àkísà tẹ́ ẹ lábẹ́ ọ̀já kí n sì jáde. Mo kọ̀. Owó ọjọ́ náà bá a lọ, lẹ́yìn oṣù méjì èmi náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Egbò yẹn jinná ní ọjọ́ 11. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó jinná kó tó jẹ́ pé bó bá rí ọ̀já àyà lọ́wọ́ mi, kò ní yí ojú sí ògiri mọ́. Awọ ló kọ́kọ́ dárí jì mí.

Lójú títì

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan. "Ó yá" ni mo fi ń ní kó rìn, "dúró" kó dúró, "rọra" kó dín ìrìn kù. Má fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì, má sì fi wọ́n bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún kan, mo gbé ìpè nígbà tí a ń rékọjá 57th Street, mo ní "dúró ná" fún ẹni tó pè mí. Àdùkẹ́ dúró gbọnin láàárín oríta. Takisí mẹ́ta ló ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Ohun tí mo sọ ló ṣe. Láti ọjọ́ náà, inú àpò ni fóònù mi ń wà títí a ó fi dé ìdíkọ̀.

Di okùn ìjánu mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà mú láti sọdá títì. Bí o bá fún un jù, yóò fẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Bí o bá sì tú u sílẹ̀ jù, kò mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Kí ó máa mọ̀ ọ́ lára ní gbogbo ìgbà, díẹ̀. Irin tó wà lẹ́nu rẹ̀ wà lórí ahọ́n àti èrìgì, kò sí ohun tó bò wọ́n. Fífà lójijì, ẹnu rẹ̀ lo gbá.

Jẹ́ kí ojú rẹ ṣáájú tirẹ̀. Bí mo bá dé ẹnu oríta, mo ti wo oríta kejì. Ohun tí mo ń wá ni tapólì tó ń fẹ́ lára ilé tí wọ́n ń kọ́, bàlúùnù tí ọmọdé so mọ́ okùn, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kì í dún tó ń gba ẹ̀yìn bọ̀, èéfín gbígbóná tó ń jáde láti ihò abẹ́ títì. Èéfín yẹn ń da ẹṣin tuntun láàmú, nítorí ilẹ̀ ni ó ti ń jáde, kò sì ní ara. Nínú ọgbà fúnra rẹ̀, ó rọrùn díẹ̀. Láti ọdún 2018 ni wọn kò ti jẹ́ kí mọ́tò aráàlú gba òpópónà tó yí ọgbà náà po mọ́, àwọn Olmsted àti Vaux tó ya àwòrán rẹ̀ sì ti fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin sọ́kàn kí wọ́n tó ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 1858. Títì tó wà láàárín ilé ẹṣin àti ọgbà ni kí o bẹ̀rù.

Bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin rẹ, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ, lẹ́yìn náà ọrùn rẹ̀ á ga, ìrìn rẹ̀ á kúrú. Má fún okùn lójijì. Mí ẹ̀mí jáde, kí ó gbọ́ ọ. Máa bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn ilé ẹṣin, ohùn búrọ́ọ̀ṣì. Yí imú rẹ̀ díẹ̀ sí ohun tó ń bẹ̀rù, torí ohun tí kò rí dáadáa ló ń sá fún. Fún un ní ìṣẹ́jú kan, kí ó wò ó. Bó bá rẹ orí sílẹ̀, tó fọn imú, tó la ètè, ó ti parí: "Ó yá, Àdùkẹ́." Pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, fífi kan ara rẹ̀ bí ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá na ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà ti sọ fún un pé òótọ́ ni, ewu wà níbẹ̀.

Nígbà mìíràn sì rèé, òun ló mọ̀ jù ọ́ lọ. Ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù kọkànlá, òjò winniwinni ń rọ̀, a ń padà sílé gba Ninth Avenue. Wọ́n ti gbẹ́ títì, wọ́n wá fi páànù irin ńlá bò ó. A ti gba orí irin yẹn kọjá láàárọ̀. Àdùkẹ́ dé etí rẹ̀, ó dúró. Mo ní "ó yá". Kò lọ. Bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn wa, ọjọ́ ti lọ, ebi ń pa mí. Mo gbọn okùn, mo tún ní "ó yá", ohùn mi sì ti yí padà. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún rẹ̀ lé irin náà nítorí pé mo sọ ọ́. Ẹsẹ̀ yẹn yọ̀ ṣóró, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó fa ara rẹ̀ padà, ó sì dúró, ó ń gbọ̀n. Mo so ìdádúró kẹ̀kẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síwájú. Epo ti dà sórí irin náà, òjò ti wá tẹ́ ẹ. Ó ti gbóòórùn rẹ̀. Mo di ìjánu rẹ̀ mú lẹ́bàá ẹnu, mo bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó sún sẹ́yìn fún wa, mo sì fi ẹsẹ̀ mú un yí i ká. Láti ìgbà yẹn, bí Àdùkẹ́ bá sọ pé rárá lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ohun tó rí.

Ohun méjì kan wà tí kò ní àfi. Má fi ẹṣin tí kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹnì kan nídìí rẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Má sì bọ́ ìjánu lórí ẹṣin tí kẹ̀kẹ́ ṣì so mọ́. Tú kẹ̀kẹ́ ná.

Òfin ìlú, àti èyí tí mo fi kún un

Ìwọ fúnra rẹ gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 18, kí o gba ẹ̀kọ́, kí ìlú sì fún ọ ní ìwé àṣẹ. Kẹ̀kẹ́ 68 péré ni ìlú fún láṣẹ, nǹkan bí 200 ẹṣin ló ń pín wọn fà. Ẹṣin kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 9 lọ nínú wákàtí 24, láàárín wákàtí méjì-méjì ó gbọ́dọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 15, kí omi wà níwájú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 5 tàbí ju 26 lọ. Dókítà ẹran ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì ní ọ̀sẹ̀ 5 ó kéré tán lọ́dọọdún láti lọ jẹko ní pápá.

Bí ooru bá dé ìwọ̀n 90 ní ti Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bí 32 ní ti Celsius, gbogbo wa ń dá iṣẹ́ dúró. Bí òtútù bá sọ̀ kalẹ̀ dé 18, bákan náà. Láti ọdún 2019, wọ́n ti fi ìgbóná tó pa pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin kún un: bí afẹ́fẹ́ bá dé 80 tí ọ̀rinrin sì pọ̀ jù, ilé ló kàn.

Èmi kì í dúró de òǹkà náà. Ní ìsinmi, ẹṣin ń mí bí 8 sí 16 ní ìṣẹ́jú kan. Wo ẹ̀gbẹ́ ìkùn rẹ̀, kí o kà á. Bí mo bá ti fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ ibòji tí mímí rẹ̀ kò rọlẹ̀, a ti ṣe tán fún ọjọ́ náà, kódà bí oníbàárà méjì bá dúró dè mí. Omi tútù ni mo ń dà sí i láti ọrùn dé ìdí, léraléra, mo sì ń jẹ́ kó mu bó bá ṣe fẹ́. Ẹṣin bíi tirẹ̀ lè mu 40 lítà lóòjọ́. Bí ẹ bá dé Cherry Hill nínú ọgbà, fi àwo omi aláràbarà tó wà níbẹ̀ han àwọn èrò rẹ. Fún ẹṣin ni wọ́n ṣe é láyé àtijọ́, kí wọ́n lè mu omi kí wọ́n tó máa lọ.

Nípa owó, ìlú ló ń dá iye tí a ń gbà, ó wà lára kẹ̀kẹ́. Má yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni fi owó mú ọ sáré. Òfin kò tilẹ̀ gbà kí o kọjá ìsáré wẹ́rẹ́.

Àwọn èrò, àti àwọn tó ń pariwo lé wa lórí

Kí èrò tó gun kẹ̀kẹ́, mú wọn lọ kí ẹṣin. Mo máa ń sọ orúkọ Àdùkẹ́ fún wọn, mo ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ yé wọn, mo sì ń ní kí wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kó gbóòórùn wọn. Ẹni tó bá ti kí ẹṣin, kò ní pariwo lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní bi mí pé kí ló dé tí a ń lọ jẹ́jẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Má jẹ́ kí wọ́n dì mọ́ orí rẹ̀ nítorí fọ́tò.

Àwọn kan yóò dúró létí títì, wọn yóò ní ìwà ìkà ni à ń hù. Ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ ní ìlú yìí. Lọ́dún 1866, Henry Bergh dá ẹgbẹ́ ASPCA, tó ń gbógun ti ìwà ìkà sí ẹran, sílẹ̀ níhìn-ín, bí wọ́n ṣe ń lu ẹṣin ní ìgboro sì wà lára ohun tó mú un. Lọ́dún 1872, àìsàn òfìnkìn gba ara àwọn ẹṣin Amẹ́ríkà kan, ìlú ńláńlá dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọkùnrin fi èjìká ara wọn fa ọmọlanke. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí i kedere pé orí ẹ̀yìn ẹṣin ni ìlú jókòó sí. Ní oṣù kẹjọ 2022, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Ryder ṣubú sí Ninth Avenue, gbogbo ayé wò ó lórí fóònù. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fẹ́ kí ìlú fòfin de iṣẹ́ yìí pátápátá.

Mo nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ mi, mo sì gbà pé ẹṣin lè ṣe é kó sì wà dáadáa. Síbẹ̀, n kò ka àwọn èèyàn yẹn sí ọ̀tá. Bí ẹnì kan bá pariwo sí mi, mo máa ń bi í bóyá ó fẹ́ sún mọ́ Àdùkẹ́, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wo abẹ́ ọ̀já rẹ̀. Àwọn kan ti wá. Ìyá àgbà kan gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò, ó ti ìka bọ abẹ́ ọ̀já ìkùn bí mo ṣe ń ṣe é gan-an, ó ní bàbá òun ní ẹṣin rí. Ẹni tí kò bá wá, jẹ́ kó máa lọ. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà nígbà tí okùn ìjánu bá wà lọ́wọ́ rẹ. Ìbínú rẹ yóò gba okùn náà kọjá sí ẹnu ẹṣin, kò sì mọ̀ pé òun kọ́ lo ń bínú sí.

Pápá, àti alẹ́

Bí àkókò ìsinmi rẹ̀ bá tó, jẹ́ kó lọ pẹ̀lú ẹṣin tí wọ́n jọ mọ ara wọn. Ẹran agbo ni ẹṣin, ìdánìkanwà ń bà á nínú jẹ́. Àdùkẹ́ àti ẹṣin pupa tó wà ní yàrá kejì ni wọ́n jọ ń lọ. Lọ́dún tí wọ́n fi òun nìkan ránṣẹ́, àwọn ará oko sọ pé ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn kiri lẹ́bàá ọgbà, ó ń yán. Nígbà tó bá padà dé, má ṣe gbé e sójú títì lọ́jọ́ kejì. Fi ẹsẹ̀ mú un rìn kiri àdúgbò ná, kí àyà àti ìdí rẹ̀ tún mọ ọ̀já, kí etí rẹ̀ tún mọ ariwo.

Ní alẹ́, ohun tí o ṣe láàárọ̀ lo máa tún ṣe. Tú kẹ̀kẹ́, bọ́ ìjánu, fọ ọ̀já kí òógùn tó gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fi omi fọ ibi tí ọ̀já wà, kí o nù ún gbẹ tí òtútù bá mú. Koríko ná, ọkà lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo máa ń jókòó lórí agolo tó dojú dé lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìṣe ohunkóhun. Òun á jẹun díẹ̀, á gbé orí wá, á mí gbígbóná sí ọrùn mi, á padà sídìí koríko rẹ̀. Bí kò bá wá lálẹ́ kan, mo mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà tí mi ò rí, màá tún ọjọ́ náà rò láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀.

Tí o bá dé, má lọ sí ọgbà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kí o bá mi nílé ẹṣin. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Mú kárọ́ọ̀tì kan dání, ṣùgbọ́n fi sínú àpò títí o fi máa kí i tán.